Ẹ MÁ BI WỌ́N PÉ KATAKATA MÉLÒÓ, Ẹ BI WỌ́N PÉ TA NI YÓÒ TÚN UN ṢE

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn àgbẹ̀, awakọ̀ àti mẹ́káníìkì sọ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á.

  

Gbogbo wa la mọ ìtàn tí àwọn bàbá wa ń sọ nípa orúkọ tí à ń jẹ́. Wọ́n ní nígbà tí Ajagúnńlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ògbó ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, àdá tí yóò fi la igbó já. Àdá yẹn ló mọ̀nà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń pè wá ní Ìgbómìnà: ògbó mi mọ̀nà. Irin ló mú wa débí, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan: ká ní àdá yẹn kújú sáàárín igbó, tí kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e tó mọ̀ ọ́n pọ́n, ṣé à bá dé Ìlá?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ìyẹn lọ.

Nígbàkúùgbà tí ìbò bá ń bọ̀, katakata a máa hù bí olú. Wọ́n á tò wọ́n sí pápá, wọ́n á so ríbọ́nù mọ́ wọn nímú. Ọlọ́lá kan á gun orí ọ̀kan, á di sítíárì mú, wọ́n á ya fọ́tò. Àwa náà á pàtẹ́wọ́, ìlù á dún, a ó sì jẹun ká tó lọ sílé. Ó di ọdún kejì, ẹ lọ wo ibi tí katakata yẹn wà. Koríko ti hù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan sì ti yọ bátìrì rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ti rí látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

OHUN TÍ MO FI OJÚ MI RÍ

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí girama, owó kò sí láti tẹ̀ síwájú. Mo lọ kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ní Òṣogbo. Ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ páàtì, tí mo fi gbé jáàkì, tí mo fi gba àbàrá lọ́wọ́ ọ̀gá, kí n tó gba òmìnira. Nítorí náà ohun tí mò ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìjókòó.

Ní ọdún kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan lágbègbè wa níbí ránṣẹ́ pè mí. Katakata tí wọ́n fún wọn kò ì pé ọdún kan. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta ó kú sáàárín oko. Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó ṣe é kò le rárá. Kẹ́ẹ̀gì dísẹ̀lì tí wọ́n fi sílẹ̀ ní gbangba ni òjò rọ̀ sí, omi wọnú epo, wọ́n sì rọ ọ́ sínú táǹkì bẹ́ẹ̀. Ká jọ omi náà dànù, ká pààrọ̀ fíltà, ká fún afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù epo, ó parí. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí méjì ni.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé, ẹni tí wọ́n ní kó máa wà á ti ń fi agídí sítáàtì rẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Bátìrì kú. Ẹlòmíràn tó ní òun mọ̀ ọ́n bá tú pọ́ńpù epo lórí iyẹ̀pẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ wọnú pọ́ńpù, ohun tí kò gbọ́dọ̀ rí eruku rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú un lọ fún ẹni tí ń tún pọ́ńpù ṣe. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ní rárá, ọ́fíìsì tó fún wọn ní katakata ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n kọ̀wé. Wọ́n dúró. Wọ́n tún kọ̀wé. Òjò kò dúró de ìwé. Bàbá kan níbẹ̀ ti yá owó, ó ti ra irúgbìn àgbàdo fún ilẹ̀ éékà mẹ́wàá. Ọkọ́ ló padà gbé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, éékà méjì ni wọ́n rí ro. Owó tó yá kò dín kù sí ti éékà méjì.

Èyin ará, kì í ṣe omi ló pa katakata yẹn. Àìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí, àti àìsí àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni oko, ló pa á.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí á rántí ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà. Reluwé dé Òṣogbo ní 1907, ṣùgbọ́n kò gba Ìlá kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá ń so oko wa pọ̀ mọ́ ìlú ńlá. Bedford ló pọ̀ nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì àti férémù ni òyìnbó ń fi ránṣẹ́. Káfíńtà tiwa ló ń kan igi sí i, alágbẹ̀dẹ tiwa ló ń rọ irin rẹ̀, akunlé tiwa ló ń kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Bó bá bàjẹ́ lọ́nà, dẹ́rẹ́bà àti mọ́tò-bọ́ì rẹ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, á tún máa lọ. Kí ló jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn pẹ́ lọ́wọ́ wa? Nítorí pé a mọ inú rẹ̀ ni.

Ní nǹkan bí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní fáàmù sẹ́tímẹ̀ńtì. Olóyè Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n sì ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni kó wá máa fi ẹ̀rọ dáko. Ẹ lè rí ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè, ní Ìwó àti ní Àgọ́-Òwu, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbára lé irin, bí a kò bá tọ́jú irin rẹ̀, ọkọ́ ni yóò padà sí.

Ní 1976, ìjọba ológun ní ká bọ́ ara wa, Operation Feed the Nation. Ní 1980, ìjọba alágbádá ní Green Revolution. Katakata wọlé lákòókò méjèèjì. Láàárín àkókò yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ bá àwọn òyìnbó dọ́wọ́ pọ̀ láti máa to ọkọ̀ nílé: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó, Leyland ní Ìbàdàn, Mercedes ní Enugu, Fiat ní Kánò. Steyr tó wà ní Bauchi ń to ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ń to katakata pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ o, títò ni mo pè é. Èyí tó pọ̀ jù nínú páàtì rẹ̀, òkè òkun ló ti ń wá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí dọ́là wọ́n, páàtì kò wọlé mọ́ bó ṣe yẹ. Ṣáájú oṣù kẹsàn-án 1986, dọ́là 1 kò tó náírà 2. Ní ìparí 2024, ó ju náírà 1,500 lọ. Ẹ fi èyí wo ohun tí fíltà kan, tàbí bẹ́ríìnì kan, tàbí táyà ẹ̀yìn katakata kan yóò jẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba àpapọ̀ tún ṣí aṣọ lójú 2,000 katakata tí wọ́n kó wá láti Belarus. Èmi kò ní í torí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ alátakò kí n ní ohun tó dára kò dára. Katakata dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Bí a bá pín 2,000 sí 774, kò tó mẹ́ta mẹ́ta. Bí mẹ́ta bá kan Ìlá, tí mẹ́ta kan Ìfẹ́dáyọ̀, tí ọ̀kan sì kú ní àkọ́rọ̀ nítorí fíltà, ìdá kan nínú mẹ́fà agbára wa ti lọ nìyẹn. Ohun tó bá kéré, a kì í fi ṣeré. Ẹni tó ní ẹṣin mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin.

OHUN TÍ GBOGBO ẸNI TÓ Ń LO ẸŃJÌNNÌ DÍSẸ̀LÌ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Mo ṣèlérí pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan rán yín lọ sílé. Ẹ gbọ́ èyí, bóyá katakata lẹ ní o, tàbí típà, tàbí ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí ẹ́ńjìnnì tí ń lọ gàrí.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń tanná bíi ti pẹtiróòlù. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló ṣe é yọrí ní 1897. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, pọ́ńpù á wá tú epo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i láti ẹnu nọ́súlù, á sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà ohun méjì ni ọ̀tá rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ní eruku àti epo tó ní omi.

Èkíní, afẹ́fẹ́. Lákòókò ọyẹ́, àti nígbà tí ẹ bá ń fọ́ ògúlùtu, ẹ máa wo fíltà afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ oní-ọ́ìlì ni, ẹ da ọ́ìlì ìdọ̀tí nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rọ tuntun. Eruku tó bá wọlé ń jẹ píṣítìnì bí iyanrìn ti ń jẹ eyín.

Èkejì, epo. Ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ òrùlé, kó sì dúró kí ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹ tó rọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kún táǹkì, kì í ṣe òwúrọ̀, torí táǹkì tó ṣófo mọ́jú ń la òógùn sínú, òógùn yẹn omi ni. Ẹ máa jọ omi ìsàlẹ̀ fíltà dànù.

Ẹ̀kẹta, ọ́ìlì. Òwúrọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò. Aago kan wà lójú katakata tó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Wákàtí yẹn la fi ń mọ ìgbà tí a ó pààrọ̀ ọ́ìlì. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 250 lọ. Aago tó bá ti bàjẹ́, ẹ ra ìwé, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, omi rédíétọ̀. Ẹ gbọn koríko àti èso tó há sí i lójú. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ó ti bó ojú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ̀karùn-ún, gíríìsì. Gbogbo orí ọmú gíríìsì tó wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fún un ní tirẹ̀. Gíríìsì kò wọ́n tó bẹ́ríìnì.

Ẹ sì máa wo èéfín, nítorí èéfín ni ẹ́ńjìnnì fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá dúdú kirikiri, afẹ́fẹ́ kò tó o tàbí epo pọ̀ jù. Bó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá funfun tí kò sì lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti móoru, epo kò jóná tán, tàbí omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Dẹ́rẹ́bà tó mọ mẹ́ta yìí yóò pe mẹ́káníìkì kí ó tó pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù lórí èyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ilẹ̀ wa lápá Òkè-Ìlá, òkè àti òkúta ni. Ẹ má gbé ọmọ sórí mádígáàdì katakata. Ẹ má fi gba ẹ̀gbẹ́ òkè níbi tó ti dagun. Katakata tó bá dojú dé kì í fún ẹni tó wà lórí rẹ̀ láyè láti fò.

ÀWỌN TÓ MỌṢẸ́ WÀ LÁÀÁRÍN WA

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ẹni tó mọ katakata tún ṣe níbí. Ta ló tún ẹ́ńjìnnì tí ń lọ gàrí yín ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ló fi irin àlòkù jó férémù típà pọ̀, tó sì ń gbé yanrìn títí dòní? Ẹ lọ sí ìdíkọ̀, ẹ lọ sí ọ̀nà Ìkìrun, ẹ ó rí wẹ́dà, ẹ ó rí rìwáyà, ẹ ó rí fọ́kanáísà, ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó lè fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń nọ́kù kó sì sọ ibi tó wà. Ohun tí wọn kò ní ni ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà, irinṣẹ́ tó péye, àti ẹni tí yóò fún wọn ní ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lórí pọ́ńpù àti háídíróòlìkì. Owó tí wọ́n fi ń gbé ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́jọ́ ìṣíde katakata yóò ṣe púpọ̀ nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ òótọ́ kan. Ìdí tí Massey Ferguson fi pẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa kì í ṣe pé àwọn yòókù kò dára. Ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì mọ inú rẹ̀, a sì ń rí páàtì rẹ̀ rà, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀. Ìjọba tó bá ń kó oríṣi kan wá lónìí, tó ń kó oríṣi mìíràn wá lọ́dún mẹ́rin òní, ó ń sọ gbogbo mẹ́káníìkì wa di ọmọ iṣẹ́ lákọ̀tun.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní àwọn yóò fún Ìgbómìnà ní katakata, ẹ má bi wọ́n pé mélòó. Ẹ bi wọ́n ní márùn-ún yìí:

1. Ta ni yóò wà á, ta ló sì kọ́ ọ? Ṣé ọmọ oko ni, àbí ọmọ ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ tẹ́ lọ́rùn?

2. Níbo ni fíltà, bẹ́líìtì, bẹ́ríìnì àti táyà rẹ̀ wà? Ṣé a lè lọ rà á ní Òṣogbo ká sì padà lọ́jọ́ kan náà, àbí a ó kọ̀wé sí Àbújá?

3. Bó bá bàjẹ́ ní àkọ́rọ̀, ta ló ní àṣẹ láti tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an? Ṣé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni, àbí ọ́fíìsì tí kì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé?

4. Nínú owó tí àgbẹ̀ ń san lórí éékà kọ̀ọ̀kan, èló ni a ó máa yọ sọ́tọ̀ fún ọ́ìlì, fún fíltà àti fún àtúnṣe? Ọwọ́ ta ni ìwé owó náà yóò wà, ṣé gbogbo wa lè rí i?

5. Ilẹ̀ wo ni yóò ro? Ta ni yóò hú kùkùté igi kúrò? Kùkùté kan ṣoṣo tó fara pamọ́ lè tẹ irin ìtúlẹ̀ po. Ọ̀nà oko wo sì ni ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbà kó àgbàdo náà jáde?

Bí ẹni tó wà lórí àga bá lè dáhùn márààrún, ẹ yìn ín. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ti mọ ohun tí fọ́tò yẹn jẹ́.

Mo mọ̀ pé wọ́n lè bá mi wí ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n mo ti pinnu láti sọ ọ́, olóòtú ìwé yìí sì ti gbà láti tẹ̀ ẹ́. Bí olùdíje tiwa náà bá dé iwájú yín tí kò lè dáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí, ẹ má ṣàánú rẹ̀ nítorí tèmi. Ẹ dá a padà kó lọ kọ́ ọ wá. Bàbá tó ro éékà méjì nínú mẹ́wàá lọ́dún ọjọ́sí, kò bi mí pé ẹgbẹ́ wo ló fún wọn ní katakata. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ṣé ó máa dún lọ́la?"

Ohun tí ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ lè dáhùn nìyẹn. Bí a bá dé ipò tí a kò sì lè dáhùn, ẹ̀yin náà ẹ ní ìbò yín lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe.

Ẹ padà sí oko yín ní àlàáfíà. Àwọn tó ní katakata, ẹ má gbàgbé: ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kún táǹkì.